Ẹni Karùn-ún

Sálúbàtà ẹni mẹ́rin ni mo gbá mọ́ àyà
lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré Òṣogbo, lọ́sàn-án gangan.
Tèmi wà lẹ́sẹ̀ mi.
Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń dá ẹni karùn-ún mọ̀:
òun nìkan ni kò bọ́ bàtà.

Kúburátù ni yóò bẹ̀rẹ̀.
Ọ̀ṣúntóyìn yóò gbà á, yóò gbé e fún Ṣìjúadé
níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́,
Fẹ́hìntọlá ni yóò gbé e délé.
Mo mọ ìgbésẹ̀ wọn
bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìyá àgbà rẹ̀ lókùnkùn.
Mo ti sá ti gbogbo wọn rí,
lọ́jọ́ tí ibà dá ọ̀kan dùbúlẹ̀,
lọ́jọ́ tí wọ́n lé èkejì padà sílé nítorí owó ilé-ìwé.

Ẹ̀gbẹ́ ojú irin la ti bẹ̀rẹ̀,
lẹ́yìn ibùdó rélùwéè, níbi tí koríko ti ń gun irin,
kí kọ̀rọ̀pẹ́ àkọ́kọ́ tó fun fèrè ní Ọláìyá.
Tíṣà Láníhùn ń ka igi tó dábùú irin dípò mítà.
Aago rẹ̀ ti là lójú,
orúnkún rẹ̀ ọ̀tún ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Lọ́sàn-án, jọ́gíráfì ló ń kọ́ wa;
ní ìdájí, bí a ṣe ń nawọ́ sẹ́yìn
láìwẹ̀yìn.
“Bó o bá wò ó, o ti pẹ́. Ọwọ́ ní ojú tirẹ̀.”

Ọ̀pá wa, páìpù omi ni.
Bàbá Kúburátù ló gé e níbi iṣẹ́ kan l’Ókè-Fìà,
ó fi sáńpépà ra etí rẹ̀ kó má baà gé wa lọ́wọ́.
A fi ọ̀dà pupa tó ṣẹ́ kù lára géètì kùn ún.
Ó wúwo.
Nígbà tí wọ́n wá fún wa ní gidi lọ́jọ́ Ọjọ́rú,
ó fúyẹ́ débi pé Ṣìjúadé rò pé òun ò tíì gbà á,
ó tún nawọ́.
Díẹ̀ ló kù kí ìyẹn dá wa padà sílé.
A ṣe ipò kejì. Èkejì tó!
A wọ àṣekágbá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà Tíṣà kò sọ̀rọ̀ nínú kọ̀rọ̀pẹ́.
Ó sanwó ẹni mẹ́fà, ó ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì,
ó sọ̀ ní Ìgbóná,
bẹ́ẹ̀ Òkè-Baálẹ̀ nilé rẹ̀.
Mo rí i látojú fèrèsé tó ń tiro lọ,
tó ń na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn, tó ń ká a padà,
lójú títì,
bí ẹni tó ń retí kẹ́nì kan fi nǹkan lé òun lọ́wọ́.
Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé inú mi dùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí.
Mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà kan lánàá tí mi ò parí,
nípa ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíì.
Ojú tì mí, mo sọ ọ́ di ọpẹ́.
Wọ́n ní bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ:
mo gbọn iyanrìn inú sálúbàtà wọn dànù
lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń yìnbọn ti gbọ́wọ́ sókè.
Pápá dákẹ́, ó ku ọmọ kan tó ń polówó piọ wọ́tà,
òun náà dákẹ́.
Kúburátù ti tẹ̀ ba.
Lápá ọ̀hún, Tíṣà Láníhùn di ojú.
Mo wo ọwọ́ mi:
ó ti nà sẹ́yìn fúnra rẹ̀,
àtẹ́lẹwọ́ là sílẹ̀,
gbogbo sálúbàtà ti já bọ́.