Òjìji Mọ́kànlá

Èmi ni mo ń nu pátákó nílé ẹ̀kọ́ erékùṣù wa,
lókè àríwá Nọ́wè, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.
Ohun tí àwọn ọmọ kíláàsì kejì bá kọ́ lọ́sàn-án,
èmi ni mo ń gbá a kúrò nílẹ̀ nírọ̀lẹ́.
Ẹ má bi mí léèrè ìwé tí mo kà.
Ojú àwọ̀n bàbá mi ni mo kà títí mo fi dàgbà.

Ní sáà yìí, lẹ́tà ló ṣáájú.
Mẹ́ta wà ní ìparí álífábẹ́ẹ̀tì wọn tó ń yọ wọ́n lẹ́nu:
ọ̀kan ni a àti e tó lẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí òtútù ń mú,
ọ̀kan ni o tí wọ́n fi ọ̀pá gún láàárín,
ọ̀kan ni a tó dé fìlà róbótó.
Borghild kọ tirẹ̀, fìlà fò bọ́ sórí lẹ́tà kejì.
Ó ní atẹ́gùn ló gbé e.
Olùkọ́ Ragnfrid wo ojú fèrèsé,
ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ìyọkúrò dé.
Yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́tàlélógún.
Mẹ́ta ò tó o yọ: lọ yá mẹ́wàá lọ́wọ́ aládùúgbò.
Wọ́n yá a. Wọ́n yọ ọ́. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.
Ìgbà náà ni Torfinn nawọ́ sókè:
"Olùkọ́, ọjọ́ wo la máa san án padà?"
Mo dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà tèmi ti korobá mi.
Mo rántí ẹ́ńjìnnì tí mo yáwó rà:
ọkọ̀ rì, gbèsè ò rì.
Olùkọ́ ní nínú ìṣirò, a kì í san án.
Torfinn mirí. Kò gbà.
Èmi náà ò gbà.

Kò sẹ́ni tó fi èyí ṣe ìṣirò, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n:
mẹ́tàlá ni wọ́n lọ́dún tó kọjá.
Ilé iṣẹ́ ẹja tì pa, ìdílé mẹ́ta kó lọ sí ìlú,
àga mẹ́rin ni mo gbé wọ yàrá ẹ̀yìn.
Mo ṣì ń nu eruku orí wọn.

Òjìji ni ẹ̀kọ́ kẹta, òun ló sì le jù.
Báwo lẹ ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ ní òjìji níbi tí oòrùn ò sí?
Oṣù méjì gbáko, oòrùn ò yọjú sí wa;
oorun ló kù, òun ló ń kun àwọn ọmọ lórí tábìlì.
Olùkọ́ tan tọ́ọ̀ṣì. Ó gbé ife síwájú rẹ̀.
Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: iná súnmọ́ ilẹ̀, òjìji gùn;
iná gòkè, òjìji kúrú.
Wọ́n gbà á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gba àlọ́ gbọ́.

Àfi Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní agogo mọ́kànlá ààbọ̀.
Mo ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà
nígbà tí pupa kan yọrí létí òkun
bí àlejò tí kò mọ̀ bóyá wọ́n ń retí òun.
Ilẹ̀kùn ṣí gbàù. Wọ́n tú jáde,
bàtà ẹlòmíràn ò bára mu.
Lójijì, òjìji!
Ó gùn, ó gùn, ó gba orí yìnyín kọjá;
ti Iŋgá gun ògiri ilé iṣẹ́ ẹja tó ti kú.
Wọ́n fi okùn pupa wọ̀n ọ́n. Okùn tán.
"Kí la máa kọ?"
"Ẹ kọ ọ́ pé okùn ò tó."

Torfinn ń kà wọ́n. Ó ní mọ́kànlá.
Olùkọ́ ní rárá, ẹ̀yin mẹ́sàn-án, èmi ìkẹwàá, tún un kà.
Ó tún un kà. Mọ́kànlá ni.
Ìkọkànlá gùn ju gbogbo wọn lọ,
ó gbé ṣọ́bìrì lé èjìká.
Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn.

Ìṣẹ́jú méje, oòrùn wọ̀.
Wọ́n sáré wọlé lọ kọ iye rẹ̀ sórí pátákó.
Èmi ni mo ń nu pátákó.
Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń nù ún yí nọ́ńbà náà ká.