Oníayùn Etí Ọ̀sà

N kò mọ orúkọ rẹ.
Agbọ́n ni Mọnsúrátù kọ́kọ́ pè ọ́, ó sì sá,
ó ju agbè omi sílẹ̀ láàárín ebè.
Ṣùgbọ́n ìbàdí agbọ́n a máa fún pinpin,
bí ẹni fi okùn so ó.
Ìwọ gbọọrọ ni, láti ọrùn dé ìdí,
kò síbi tó tín-ín-rín.
Orí rẹ dúdú bí ìdí ìkòkò,
ara rẹ pọ́n bí epo tí kò tíì dì,
ìyẹ́ rẹ ṣú díẹ̀, bí gíláàsì àtùpà tí èéfín ti fọwọ́ kàn.
Mo fìka kàn ọ́. O kò ta mí.

Lẹ́yìn òjò àárọ̀ ni mo rí ohun tí o wá ṣe.
O dúró sétí ewé kábéèjì
(ṣúù ni wọ́n ń pè é ní Wàndó),
o tẹ ìdí, o yọ ayùn
tí kò nípọn tó irun ìpéǹpéjú,
o sì ń rẹ́ ewé,
fà á, tì í, fà á, tì í,
o la àpò sáàárín awọ ewé méjì,
o fi ẹyin kan síbẹ̀, o sún síwájú.

Mo ti rí irú ìdúró yẹn rí.
Bàbá mi, Ògúsìtì onígẹdú,
òun lókè igi, Làmídì nísàlẹ̀ kòtò,
fà á, tì í,
ìrókò ń da lẹ́búlẹ́bú sí Làmídì lójú.
Pákó ilé àwọn Àgùdà ni wọ́n ń là.
Imọ̀ ọ̀pẹ ló bo tiwa.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọ rẹ yọ.
Dúdú ni wọ́n, ara wọn hunjọ
bí ẹni wọ ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n.
Mo ka ẹsẹ̀ ọ̀kan dé méjìlélógún, ojú mi rẹ̀.
Wọn kò wo ilá, wọn kò wo tẹ̀tẹ̀,
kábéèjì ṣáá, àti ewé tó ń ta lẹ́nu bíi rẹ̀.
Wọ́n jẹ ẹ́ títí ó fi ku iṣan,
bí egungun ẹja nínú àwo.
Bí ọwọ́ bá kàn wọ́n, wọ́n á ká bí òrùka,
wọ́n á já bọ́,
wọ́n á di iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọ lójú.

Mo ṣà wọ́n sínú agolo mílíìkì, mo dà wọ́n fádìyẹ.
Àkùkọ mú ọ̀kan, ó tu ú,
ó nu ẹnu mọ́lẹ̀,
ó wò mí bí ẹni tí a rẹ́ jẹ.
Kíkorò ni wọ́n ń jẹ, àwọn náà sì korò.

Olóògùn dé lórí alùpùpù, ó gbé ike kan jáde:
“Ìdérí kan péré, ìyá. Bó bá di ọ̀la, wọn ò sí mọ́.”
Mo ní, ẹja inú ọ̀sà ńkọ́?
Ó wo bàtà ara rẹ̀.
N kò ní parọ́, mo rà á.
Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò tíì ṣí i.

Lálẹ́ àná mo wo òkè àjà.
Ayùn Bàbá ti dógùn-ún,
àwọ̀ rẹ gan-an ló wọ̀.
Àwọn ọmọ rẹ ti wọlẹ̀ báyìí,
oníkálukú ti ran ilé iyẹ̀pẹ̀ mọ́ra, ó ń sùn.
Bàbá náà wà nínú iyẹ̀pẹ̀.
Mo rọra bomi rin ebè,
bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnikẹ́ni.