Ọjọ́ Ìbí Yéye

"Ọjọ́ wo? Oṣù wo? Ọdún wo?"
Akọ̀wé ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà.
Yéye Ọmọ́rìnsọ́lá tún ìró rẹ̀ dì.

"Ogun Hítílà ń jà, iyọ̀ ò sí lọ́jà Ẹ̀rẹ́kẹ́san,
ìyá mi fi mí sínú, ó ń jẹ ọbẹ̀ àtẹ́.
Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bu iyọ̀ lá títí dòní."

"Màmá, kọ̀ǹpútà ò mọ iyọ̀."

"Ó dáa. Ẹrù ẹkùrọ́ ló wà lórí mi tí òmìnira fi dé.
Wọ́n to àwọn ọmọ iléèwé sórí pápá, wọ́n ń pín ife.
Èmi tí n ò tẹ kíláàsì rí, mo bá wọn tò.
Tíṣà wo ẹsẹ̀ mi, ó wo agbọ̀n,
ó fún mi ní tèmi.
Òun ni mo ṣì fi ń wọn gàrí;
àsíá ara rẹ̀ ti ṣí, etí rẹ̀ ti fọ́.

Ọdún tí mọ́tò ṣí kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún,
Bàbá Akíngbadé gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti oko kòkó.
Ọwọ́ ọ̀tún ló wò kó tó sọdá, bó ti ń wò ó láti kékeré.
Ọwọ́ òsì ni lọ́rì ti wá.
Kò kú.
Ṣùgbọ́n òjò ò ní í ṣú kí orúnkún ẹ̀ má kọ́kọ́ gbọ́.

Èyí tó jókòó tì mí yìí, Fẹ̀yíṣayọ̀,
ó ń bọ̀ lọ́nà lọ́jọ́ tí wọ́n fún wa ní ìpínlẹ̀.
Àwọn nọ́ọ̀sì sá lọ sídìí rédíò,
wọ́n ń pariwo: Àkúrẹ́ ni olú-ìlú!
Èmi náà ń pariwo.
Kí wọ́n tó padà dé, ọmọ ti wà lórí aṣọ.

Ọdún kan wà tí n kì í kà."

Ó dákẹ́. Mo mọ èyí tó ń sọ.
Oṣù kẹjọ, èéfín bo Òkè-Àró,
ọkọ aládùúgbò wa wà lókè àjà ilé ìdáná.
Àwọn tó gbé bẹntiróò wá béèrè ohun tó ń dún lókè.
"Eku ni," Yéye wí, ó ń tẹ ẹ̀bà lọ.
Ọmọ ọdún méje ni mí.
Mo mọ̀ pé eku kì í wúkọ́.

"Ẹ jẹ́ ká kọ ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní," akọ̀wé wí,
"ohun tá à ń kọ fáwọn àgbà nìyẹn."
"Kọ ọ́. Ọjọ́ ẹlòmíì náà, ọjọ́ ni."

Ó wá kan ìka.
Àtàńpàkò: iná pupa. Òmíràn: iná pupa.
Ẹkùrọ́ pípa, eérú, omi ata, ọgọ́ta ọdún,
wọ́n ti fá ìlà ìka náà lọ.

Akọ̀wé gbójú sókè nígbà àkọ́kọ́.
"Màmá, irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe?"

Yéye nu ọwọ́ sára ìró,
ó tún gbé ìka lé gíláàsì.