Orúkọ Kọkànlá

Búrẹ́dì méjìlá ni Ìyá Dúródọlá ń yan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
méjìlá péré, kò lé, kò dín.
Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni, ní Kúdẹtì,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga tí wọ́n fi páànù bò,
nínú ààrò tó fi amọ̀ àti dúrọ́ọ̀mù àtijọ́ mọ.
Kò sí pátákó níta.
Òórùn ló ń júwe ilé.

Ọdún tí àpò ìyẹ̀fun di ohun tí à ń fi ìbúra rà,
àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í fi afẹ́fẹ́ kún búrẹ́dì:
o tẹ̀ ẹ́, ó wọlé bí irọ́,
o jẹ odidi tán, ebi ṣì ń pè ọ́ lórúkọ.
Wọ́n ní kí òun náà dín tirẹ̀ kù díẹ̀,
ta ni yóò mọ̀?
Ó ní, "Ọwọ́ mi yóò mọ̀.
Kàkà kí n dín búrẹ́dì kù, n ó dín ènìyàn kù."
Ó mú bíírò pupa, ó dín ènìyàn kù lóòótọ́.
Èmi wà lára ohun tó dín.

Oṣù méje ni mo fi bẹ̀ ẹ́.
Mo kí i kú iṣẹ́, mo kí i kú ooru,
mo kí ewúrẹ́ rẹ̀ pàápàá.
Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni Akínyóòyè, ẹ fara balẹ̀,
àyè kì í ṣí, àfi bí ènìyàn bá ṣí."

Bàbá Ọládòkun ló ṣí,
ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ rélùwéè.
Orúnkún rẹ̀ kò gba òkè Ìbàdàn mọ́,
ọmọ rẹ̀ fi mọ́tò gbé e lọ sí Ìlọrin.
Wọ́n kó àga rẹ̀, wọ́n kó àwo rẹ̀,
wọn kò rí orúkọ rẹ̀ kó.
Ó ṣì wà nínú ìwé Ìyá Dúródọlá, lójú kọkànlá,
ìlà kan ṣoṣo ló gba àyà rẹ̀ kọjá.
Tèmi wà lókè ìlà náà, ó fún pinpin,
bí ẹni tó jókòó lé onílé lẹ́sẹ̀.

Nísinsìnyí, bó bá di Ọjọ́bọ̀, mo pè é.
"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ti ọ̀la ńkọ́?"
"Ọ̀kan ni àbí ọ̀kan?"
Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bi gbogbo wa.
"Ọ̀kan ni, mà."
"Ẹ mú aṣọ tí ẹ ó fi wé e. Ẹ má gbé ọ̀rá wá o,
búrẹ́dì tó gbóná a máa làágùn."

Àárọ̀ Sátidé, kí ìmọ́lẹ̀ tó gun páànù,
mo fi ìnura gbà á. Ó wúwo
bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò purọ́ sí.
Mo pinnu pé odidi rẹ̀ ni n ó gbé délé.
Nídìí igi àgbálùmọ̀, igun kan ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni fóònù dún.
"Èmi ni ẹni tó wà lábẹ́ yín nínú ìwé."
Mo dìde dúró nínú ilé ara mi.
Mo ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi tọrọ gáfárà
nígbà tó ní, "Ìdí rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣì ń jóná díẹ̀ lápá òsì,
níbi tí ààrò yẹn ti là?"
Mo yí i wò. Lápá òsì.
"Ó jóná, sà."
"Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀."
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀.
Ó ní, "Ẹ bá mi bù ú."

Mo gbé fóònù lé orí tábìlì,
mo fi ọwọ́ méjèèjì di búrẹ́dì mú lẹ́bàá rẹ̀,
mo bù ú.
Èèpo fọ́ pàrà.
A ò sọ̀rọ̀. Owó fóònù rẹ̀ ń jó lọ.

"Ẹ tún un bù," ni ó wí.