Fóltì Mẹ́ta Lé Díẹ̀

Ìyá mi ṣubú lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì
láàárín yàrá rẹ̀ àti balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé.
Kò fi egungun ṣẹ́. Ó ní òun kàn jókòó lójijì ni.
Ní Ìsánlú, iná Nẹ́pà dà bí ọmọ tó lọ sí Àbújá:
ó ń ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀.

Mo ra okùn iná, mítà márùn-ún,
mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri bí ipa ọ̀nà ìgbín.
Bátìrì ọ̀kadà tó ti fẹ̀yìn tì ni yóò máa bọ́ ọ,
fóltì méjìlá.
Ọpọlọ rẹ̀ kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ,
fóltì mẹ́ta lé díẹ̀ ni gbogbo ohùn tó ní lẹ́nu.
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀,
kó sì pàṣẹ.

Ó pàṣẹ.
Tíránsítọ̀ tí mo yọ lára ẹ̀rọ àtijọ́ ni mo fi ṣọ́nà.
Ó gbọ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn dé ìdajì.
Iná tàn fírífírí, bí ojú ẹni tí a jí kí oorun rẹ̀ tó tán.
Mo fọwọ́ kan aṣọ́nà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi lọ́wọ́.
Ẹni tó dúró láàárín ṣíṣí àti títì,
ara òun fúnra rẹ̀ ni iná ń jó.

Òtítọ́jù, tó ń tún fóònù ṣe ní Kábbà, rẹ́rìn-ín títí.
"Àgbà ìlú ni aṣọ́nà tí o gbà yìí.
Bí a kò bá kígbe fóltì mẹ́wàá sí i, kò ní dìde tán.
Gba èyí. Èyí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́."
Ẹgbẹ̀rin náírà. Ó tún pè mí padà lójú títì:
kí n so ilẹ̀ bátìrì méjèèjì pọ̀ o,
àwọn tí kò jọ dúró lórí ilẹ̀ kan
kì í gbọ́ ara wọn.

Résístọ̀ ni mo gbàgbé.
Nígbà tí ọpọlọ kékeré sùn, kí bátìrì rẹ̀ má baà tètè tán,
kò sẹ́ni tó sọ fún ilẹ̀kùn pé kó wà ní títì.
Iná ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀ lóru,
ìyá mi ń pe orúkọ Jésù.
Mo fi résístọ̀ kan fà á mọ́ ilẹ̀. Ó dákẹ́.

Lánàá, aago mẹ́ta òru, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ dún.
Mi ò dìde.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀,
ọpọlọ tí kò lókun sì sọ ohun tí àwa ará ibí ń sọ
fún ẹnikẹ́ni tí a bá pàdé lọ́nà,
okun o,
fóltì méjìlá sì yà fún un.
Òkùnkùn ká aṣọ rẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri.
Ìyá mi dúró. Ó wo okùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin,
ó sì dá a lóhùn:
"Okun o.
Ìwọ náà ò tíì sùn?"