Alùpùpù Olójú Méjì

Ojú kan ṣoṣo ló ní nígbà tí mo rà á,
iná iwájú, tí kì í rí nǹkan kan lọ́sàn-án.
Èmi ni mo fi èkejì sí i:
kámẹ́rà kékeré kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ,
tí Oyèníran bá mi rà ní àlòkù ní Ìlọrin,
tó ní kí n má bi òun ní iye tó jẹ́.

Okùn ni mo kọ́kọ́ fi dè é mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà.
Mo gbéra ní Tákìé, mo dé Àrọ́jẹ,
mo padà wálé, mo tan án wò:
ilẹ̀ ń jó, òkè ń jó,
ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú,
ewúrẹ́ kan ní orí mẹ́rin,
ariwo ẹ́ńjìnnì sì bo gbogbo rẹ̀
bí ẹni ń lọ òkúta.
Làsísì mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Ó ní, "Irin ò mọ̀ pé o fẹ́ ya fọ́tò.
Wá nǹkan rírọ̀ sí wọn láàárín."

Ní Ìsàlẹ̀-Àfọ́n, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ kí n tó gbéra:
"Kí leléyìí? Ẹ yọ ọ́, àbí kí n fẹsẹ̀ rìn."
Mo fi fìlà bò ó lójú.
Ó tún gùn.

Sálúbàtà Màámi ni mo gé nígbẹ̀yìn,
ti ọ̀tún, tí kò wọ̀ mọ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ náà ti kọ̀.
Mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ tẹ́ abẹ́ kámẹ́rà,
mo ya túùbù táyà tó ti gbó,
mo wé e, mo tún un wé.
Ó dúró.

Ní Sátidé mo gba ọ̀nà Ìkòyí lọ sí abà wa.
Ọdún mẹ́ta ni Màámi kò ti fojú kan ibẹ̀.

Alẹ́ ni mo gbé fóònù lé e lọ́wọ́.
"Rọra!" ló pariwo. "Ihò wà níwájú!"
Èmi tí mo jókòó tì í lórí àpótí,
mo ti kọjá ihò náà láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀.
"Káṣú bàbá rẹ nìyẹn.
Ẹ̀ka tó kọjú sódò dà?"
Mo ní wọ́n ti gé e dáná.
Kò sọ nǹkan kan títí a fi kọjá afárá.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan yọ létí igbó,
àdá léjìká, ó gbé ọwọ́ sókè.
"Àkànjí! Ẹ kú iṣẹ́ o!"
Ó kí fóònù. Àkànjí kọjá lọ.
"Dá a padà."
Mo dá a padà. Ó tún kí i.
Ìgbà mẹ́rin. Ọwọ́ Àkànjí kò ro ó,
ìgbàkígbà tó bá kí i ló ń gbé e sókè.

Ìgbà náà ló wá yíjú sí mi:
"Ìwọ gan-an ńkọ́? Níbo lo wà níbẹ̀?"
Mo ní, Màámi, èmi ni mo ń gùn ún.
Ẹ̀yìn ojú náà ni mo wà.
"Ta wá ni mo ti ń wá láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo sún un lọ sí ìgbà tí mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́.
Oòrùn ti wọ ẹ̀yìn mi,
òjìji kan gùn gbọọrọ lórí ilẹ̀ pupa, lápá òsì,
orí rẹ̀ tóbi bí ìkòkò nítorí àkẹtẹ̀ irin,
apá méjèèjì ṣí bí ẹni fẹ́ gbọ́mọ.
Màámi nawọ́ sí i.
Ìka rẹ̀ kan gíláàsì, fíìmù dúró.
Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ kó tún máa lọ.
Ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo fẹ́ pa iná yàrá, ó pè mí:
"Sálúbàtà kejì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Gé òun náà, kó yé dá nìkan wà.
Sátidé tó ń bọ̀, ọ̀nà Odò Ọbà ni à ń lọ.
Má sáré."