Àmì Tí Kò Rìn

Ní Bẹ́tẹ́lì, létí odò Kuskokwim,
yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ tán, ẹ̀fọn ti gba ìlú.
Wassilie ń fi àkísà nu gíláàsì iwájú bàálù,
ó nu ún títí, bí ìyá tí ń nu imú ọmọ.
Ó ní, "Nastasia, òkú ẹ̀fọn kan lára gíláàsì
àti bàálù tó wà ní máìlì mẹ́ta,
bákan náà ni wọ́n ṣe tóbi lójú.
Ọ̀kan nínú wọn ló ní ìyàwó nílé."

A gbéra. Odò di okùn tí ẹnìkan jù sílẹ̀.
Mo tẹjú mọ́ àwọn aago inú bàálù
bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò kó má baà ru.
Ó fi ìka ta fìlà mi:
"Ìyẹn ò ní kọlù ọ́. Ìta ni kí o wò."

Ó ní kí n máa gé òfuurufú bí ẹni ń gé ẹja tí yóò sá:
wo ègé kan, dúró, jẹ́ kí ojú rẹ jókòó,
kí o tó bọ́ sí èkejì.
Ojú tó ń sáré kò rí nǹkan kan.
Kí o tó yí, gbé apá bàálù, wo ẹ̀yìn rẹ̀.
Má gbàgbé oòrùn:
inú rẹ̀ ni ẹni tí kò bá ọ jà rí ti máa ń yọ sí ọ.

Mo bi í pé kí wá ni rédíò wà fún.
"Ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ni rédíò ń sọ tirẹ̀."
Ó dákẹ́ pẹ́.
"Evon ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà ò sọ."
Ọwọ́ òsì rẹ̀, tí ìka méjì ti kúrò níbẹ̀,
wà lórí orúnkún rẹ̀.

"Ohun tó bá ń sún lójú gíláàsì, ọ̀nà tirẹ̀ ló ń lọ.
Èyí tí kò yà sọ́tùn-ún, tí kò yà sósì,
tó kàn ń sanra díẹ̀díẹ̀,
ọ̀dọ̀ rẹ ló ń bọ̀."

A ti ń padà bọ̀ kí n tó rí i,
ó dúdú, ó kéré ju èso bẹ́rì lọ.
Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta.
Mo mi orí, bóyá ẹ̀fọn ni.
Kì í ṣe ẹ̀fọn.
Wassilie ò tíì la ẹnu tí mo ti yí sọ́tùn-ún.

Bàálù pupa kan ré wa kọjá lósì.
Mo rí awakọ̀ rẹ̀ kedere:
ó tẹ orí ba, ó ń dé ìdérí ife tíì.

Nígbà tí a balẹ̀, Wassilie ò yìn mí.
Ó kàn gbé àkísà náà lé mi lọ́wọ́.